Ọjọ́ Kan Tí Mo Fi Dákẹ́

Mo gbé Comfort kúrò ní ilé àgbẹ̀bí ìjọ wa ní ọjọ́ kejì tó ti ń rọbí, ó sì yẹ kí n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kìíní.

Ọdún 1994 ni, nígbà tí epo mọ́tò wọ́n ní Ifẹ̀, tí ọkọ̀ ò sì rìn dáadáa. Ìlódè ni ìjọ wa wà. Ó ti tó ọdún méjìlá tí mo ti ń gbẹ̀bí níbẹ̀, yàrá ẹ̀yìn ìjọ ni mò ń gbé. N kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bíbélì ni mo fi kọ́ ara mi ní ìwé kíkà, ọwọ́ mi ló sì kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo fọwọ́ tẹ ikùn Comfort. Orí ọmọ ò sí nísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló wà. Mo gbìyànjú láti yí i, kò yí. Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Mo lọ bá Wòlíì Awóníyì, olórí ìjọ wa.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ yìí dábùú. Ilé ìwòsàn ni."

Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti gbàgbé ìran tí mo rí ni? Ọ̀bẹ ni mo rí lórí ọmọbìnrin yìí. Ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun wa láti rọbí, kì í jáde títí yóò fi bí."

Bẹ́ẹ̀ ni àṣà ìjọ wa rí. Ó wá sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn débi pé ojú tì mí. Mo padà sọ́dọ̀ Comfort, mo dákẹ́. N kò ní parọ́: kì í ṣe ìgbàgbọ́ ló pa mí lẹ́nu mọ́. Yàrá mi ni mò ń rò.

A gbààwẹ̀. A kọrin. Lọ́jọ́ yẹn, Comfort ṣì ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yìí kó má ya ọ̀lẹ bíi bàbá rẹ̀."

Àtàndá ọkọ rẹ̀ fèsì láti ẹnu ọ̀nà, "Ọ̀lẹ náà lo sì fẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Apá ọmọ kan ti yọ, ó tutù. Comfort di ọwọ́ mi mú.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ṣé mo máa kú ni?"

Mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, àdúrà ò wá. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé Ọlọ́run ti dá mi lóhùn láti àná, nípa ọwọ́ tó fún mi, èmi ni mo tún ń dúró kó tún un sọ. Mo dìde. Mo ní kí Àtàndá lọ wá ọmọlanke.

"Ìyá, Wòlíì ńkọ́?"

"Ṣé Wòlíì lo gbé níyàwó ni?"

Ó sáré lọ.

Arábìnrin Olúbùnmi tó ń dárí orin dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ wá wo Ìyá o, wọ́n ti di dókítà. Yunifásítì wo lẹ lọ, mà?"

"Yà lọ́nà."

Wòlíì jáde sí wa, kò pariwo. Ó ní, "Ìyá, tí ẹ bá gbé e kọjá ibí yìí, ẹ má padà wá."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà."

A gbé Comfort sórí ọmọlanke, a tì í gba Ẹnuwá kọjá nínú oòrùn. Obìnrin kan tó ń tajà níbẹ̀ tú gèlè rẹ̀, ó fi bo Comfort lẹ́sẹ̀. Àtàndá ń sunkún, ó ń tì. Mò ń pe orúkọ Comfort, kò dáhùn mọ́, mo ṣáà ń pè é títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ilé ọmọ ti ya. Ọmọkùnrin ni ọmọ náà, ó ti kú. Wọ́n ní láti gé ilé ọmọ kúrò kí ẹ̀jẹ̀ tó dá.

Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Màmá, ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé ó dábùú?"

"Láàárọ̀ àná."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé mo láyà, nítorí pé mo pàdánù yàrá. Kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo mọ rere ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo tó ṣe é. Comfort yè. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì ní lóyún mọ́ láyé.