Kò Sí Ẹni Tó Kàn Lónìí

Màmá ló kọ́kọ́ pè mí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, òun ló tọ́ mi dàgbà, ọ́síjìn inú sílíńdà ló sì fi ń mí láti ìgbà tí àyà rẹ̀ ti bàjẹ́. Ilé iṣẹ́ tí mo wà ló ń gbé sílíńdà náà lọ fún un, bó ti ń gbé e fún àwọn aláìsàn mìíràn káàkiri ìlú.

"Abẹ́rẹ́ géèjì orí sílíńdà yìí ti ń wo ibi pupa o, ọ́síjìn ti ń tán," ló wí. "Àbí ẹ ti gbàgbé mi ni?"

"A ò gbàgbé yín, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Bọ́tìnnì kan ló wà lórí kọ̀ǹpútà wa. Tí a bá ti tẹ̀ ẹ́, kóòdù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, á lọ wá déètì ọjọ́ náà nínú Ẹ́sẹ́lì, ìwé alápòótí orí kọ̀ǹpútà tí a ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sí, á sì to orúkọ àwọn tí sílíńdà wọn kàn láti pààrọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Kò sí ẹni tó kàn lónìí."

Ohun tó sọ lánàá nìyẹn, ohun tó ti ń sọ láti ọjọ́ Ajé nìyẹn. Inú wa tiẹ̀ ń dùn pé ọ̀sẹ̀ ìsinmi dé. Awakọ̀ wa, tí gbogbo ayé ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí bó ṣe ń wakọ̀, ti fọ mọ́tò títí ọ̀dà rẹ̀ fi fẹ́ bó. 

Mo bá Ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kó ìwé lọ sí ìpàdé, mo sọ ohun tí Màmá rí fún un.

"Kọ̀ǹpútà kì í purọ́," ló sọ. "Àwọn àgbà ló fẹ́ràn àníyàn. Tí orúkọ wọn ò bá sí nínú ìwé, sílíńdà kankan ò gbọdọ̀ jáde."

Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ, ó sì pa fóònù rẹ̀. Inú bí mi.

Ẹni tó kọ kóòdù náà ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Èmi tí mo kàn mọ díẹ̀ níbẹ̀ ni mo jókòó tì í. Mo kọ́kọ́ fura pé bóyá ó ń ka oṣù sí ọjọ́, tó ń ka ọjọ́ sí oṣù. Mo yí i padà, mo tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó kàn. Mo tún ní bóyá ẹni tó tẹ àwọn déètì náà tẹ̀ wọ́n bí ọ̀rọ̀ lásán, tí kóòdù ò fi dá wọn mọ̀. Mo fi àṣẹ kan bi kọ̀ǹpútà, ó ní rárá, déètì gidi ni wọ́n.  Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka kóòdù náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ìlà kan dá mi dúró. Ó ń pàṣẹ pé bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, kí kóòdù má sọ fún ẹnikẹ́ni, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Mo pa ìlà yẹn rẹ́, mo tún tẹ bọ́tìnnì. Lọ́tẹ̀ yìí ó dúró gbọin, ó jẹ́wọ́ pé òun ò rí déètì tí òun ń wá. Àṣé àìrí ló ń pè ní àìsí láti ọjọ́ yìí wá.

Fóònù dún. Màmá ni.

"Ó ti wọ pupa." Ó mí. "Ṣé kí n... dín bó ṣe ń jáde kù?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Màmá. Ẹ jókòó, ẹ má rìn káàkiri. Mo ń wá ojútùú sí i."

Ìgbà náà ni mo ṣí ojú-ìwé tí àwọn déètì wà gan-an, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú àwa òṣìṣẹ́ kì í yà sí mọ́ nítorí pé bọ́tìnnì ti tó wa. Orúkọ wà, àdírẹ́sì wà. Níbi tó yẹ kí déètì wà, #### ló kún ibẹ̀ láti òkè délẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni Ọ̀gá ti fún òpó déètì pa kí gbogbo rẹ̀ lè gba orí pépà kan fún ìpàdé rẹ̀; bí òpó bá sì ti há jù, àmì yẹn ni Ẹ́sẹ́lì máa ń fi hàn dípò déètì. Kóòdù náà, ohun tí ojú rí nínú àpótí ló ń wá. Kò mọ̀ pé déètì ṣì wà lábẹ́ àwọn àmì náà. Mo fẹ òpó yẹn padà, mo sì ní kí kóòdù wá ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀.

Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ jáde. Ẹni àkọ́kọ́ ni Bàbá Télọ̀, tó ń dá gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ọjọ́ Ajé ló ti kàn án. Màmá wà nísàlẹ̀ dáadáa, ilé rẹ̀ sì wà ní òdìkejì ìlú. Mọ́tò kan ṣoṣo la ní, kò sì sí takisí tó máa gbà láti gbé sílíńdà.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo yí déètì Màmá padà sí ọjọ́ tó ṣáájú ti gbogbo wọn. Orúkọ rẹ̀ gun òkè, mo tẹ ìwé náà jáde, mo fún Jẹ́jẹ́. Ó kó sílíńdà sẹ́yìn mọ́tò, ó lọ. Mi ò kábàámọ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin kan pè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí. Ó dúró kó tó lè máa bá a lọ. "Télọ̀ ni. Ẹ ní ẹ̀rọ yín... á pè wá... tó bá kàn wá. Mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu."

"Bàbá, níbo ni abẹ́rẹ́ yín wà?"

"Ó ti jókòó... sórí òdo. Láti ìdájí."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwa la sì ní kó dákẹ́. Mo ní kó má gé fóònù, mo fi èkejì pe Jẹ́jẹ́.

"Níbo lẹ dé?"

"Oríta ilé epo, Àǹtí."

"Ẹ yà síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Bàbá Télọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá."

"Màmá yín ló wà lókè ìwé yìí o."

"Mo mọ̀. Ẹ yà, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ má sì wa jẹ́jẹ́ lónìí."

Mo dúró ti Bàbá lórí fóònù títí mo fi gbọ́ ohùn Jẹ́jẹ́ nínú yàrá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo pe Màmá. Mo sọ fún un pé mọ́tò ti kọ́kọ́ yà síbòmíràn, pé èmi ni mo ní kó yà.

 Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ tó ń há lọ́fun.

"Ìwọ?" ló wí.

"Èmi ni, Màmá."

"Ta ló wà... lọ́dọ̀ ẹni yẹn?"

"Kò sí ẹnì kankan."

Ó tún mí, ó pẹ́ kó tó rí òmíràn mí.

"Ó dáa. Èmi ní ẹ. Má gé fóònù."

Mi ò gé e. Mo ń ka èémí rẹ̀ sínú, mo ń sunkún láìjẹ́ kó gbọ́, títí mo fi gbọ́ tí Jẹ́jẹ́ ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀.