Àgọ́ Abẹ́ Máńgòrò

Ogójì ọdún ni Grasia fi ń kọ́ àgọ́ Àjọ Àgọ́ àwọn Júù, èyí tí wọ́n ń jẹun nínú rẹ̀ fún ọjọ́ méje lọ́dọọdún, sínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Ogójì ọdún náà ni Manasse Jesurun, ọkọ rẹ̀, fi ń fi í rẹ́rìn-ín pé kí ló dé tí èèyàn fi ń jẹun nínú ààrò. Apòògùn tó ti fẹ̀yìn tì ni Manasse. Ó fẹ́ràn kí àwọn ará Willemstad, ìlú wọn, máa sọ pé kò sóhun tí kò mọ̀. Lọ́dún tí Grasia kú, ó ní òun fúnra òun ni yóò kọ́ Zipora, ọmọ-ọmọ wọn ọmọ ọdún mẹ́fà, ní àjọ̀dún náà, kí ọmọ má bàa gbàgbé ìyá àgbà rẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò tí Grasia fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ló wá kọ́ àgọ́ tirẹ̀ sí. Ibòji tutù minimini.

"Ká ní ìyá àgbà rẹ ti bi mí léèrè ni," ó sọ fún ọmọ náà, "ooru ì bá má pa wá láti ọjọ́ yìí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí àjọ̀dún máa wọlé nírọ̀lẹ́, Elias Penso, aládùúgbò wọn, yọjú.

"Apòògùn, ìwọ náà ti di káfíńtà?"

"Jókòó, wá gbọ́ ẹ̀kọ́. Zipora, báwo ni òrùlé àgọ́ ṣe gbọ́dọ̀ rí?"

"Ẹ̀ka tí wọ́n ti gé," ni ọmọ náà ké bí ẹni ń kàwé, "kí nǹkan kan má sì sí láàárín òun àti ojú ọ̀run." Ó gbójú sókè. "Bàbá àgbà, máńgòrò yìí ńkọ́?"

Manasse náà gbójú sókè wo igi. Lẹ́yìn náà ni Penso bú sẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe di òpó mú.

"Ọmọ yìí ti kọ́ ẹ lẹ́kọ̀ọ́! Ṣé Grasia ò sọ fún ẹ rí ìdí tó fi ń jókòó sínú oòrùn ni?"

Ó ṣeé ṣe kó ti sọ ọ́. Manasse kì í sábà gbọ́ ohun tí kì í ṣe òun ló sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá péré ni ibẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táǹkì. Ọkùnrin méjì á gbé àgọ́ náà débẹ̀ kí kọfí tó tutù. Ṣùgbọ́n kí Manasse gbé e lójú Penso, padà síbi tó ti ń fi aya rẹ̀ rẹ́rìn-ín?

"Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀," ó wí. "Igi yẹn ni mo fẹ́ gé."

"Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Ti Màmá àgbà ni."

Ó ránṣẹ́ pe aláyùn. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí igi fi wó. Ẹ̀ka rẹ̀ náà ni wọ́n fi bo òrùlé: igi tó ń ba àgọ́ jẹ́ nígbà tó wà láàyè wá di òrùlé tó bófin mu nígbà tó kú.

Nígbà tí wọ́n jókòó láti jẹun, Zipora ò fọwọ́ kan ọbẹ̀.

"Ká ní mo dákẹ́ ni," ó wí jẹ́jẹ́, "igi Màmá àgbà ì bá ṣì wà. Èmi ni mo pa á."

Ọ̀rọ̀ náà dé Manasse lọ́fun: kì í ṣe ìwọ, èmi ni. Ó ti la ẹnu tán nígbà tí rábì, olórí ìsìn wọn, yọrí wọlé.

"Ẹ wo òrùlé! Apòògùn, irú èyí ò sí ní Willemstad."

"Ẹ ṣeun, rábì. Gbogbo nǹkan ló ní ìlànà," ni Manasse wí, ó sì sún àga fún un.

Nígbà tí rábì fi máa lọ, ọmọ ti sùn sórí tábìlì. Manasse ní ọ̀la lòun yóò sọ ọ́ fún un. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àlejò mẹ́ta dé. Títí ọjọ́ keje fi pé, kò tíì sọ ọ́; ewé máńgòrò ti gbẹ, ó ń jábọ́ sínú abọ́ wọn. Zipora ń ṣà á kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì bi bàbá àgbà rẹ̀ ní ìbéèrè kankan mọ́.