Oṣù Mẹ́jọ ní Ìlọrin

"Ṣé ẹ ti ṣàìsàn tó lágbára rí kó tó di èyí?" Dókítà Oyèbọ́lá tún béèrè. "Èsì àyẹ̀wò yìí ò jọ jẹjẹrẹ ọmú tí mo mọ̀. Bí kò bá sí nǹkan mìíràn, a ó gé ọmú náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Kí Zùwáírátù tó lanu, ìyá rẹ̀ ti gbà á sọ. "Rárá o, dókítà. Ibà lásán ni."

Suhail, ọkọ Zùwáírátù, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí lòun náà mọ̀? Nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ wá ṣe ìwádìí ní Òkè-Àdó kí wọ́n tó so yìgì, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ọmọbìnrin náà lo oṣù mẹ́jọ ní Ìlọrin, ó lọ kọ́ kéwú. Irọ́ gbuu! Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti lo oṣù mẹ́jọ náà, tí wọ́n ń fa oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ìyá rẹ̀ ló hun irọ́ ọ̀hún, torí ta ni yóò fẹ́ ọmọ tó ti ṣe irú àìsàn bẹ́ẹ̀? Ní báyìí, kókó kan tó le bíi kóró àgbálùmọ̀ ti yọ sí ọmú òsì rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ẹ̀rù ọkọ rẹ̀ ń ba Zùwáírátù ju ẹ̀rù ọ̀bẹ lọ.

"Màmá, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀."

"Zùwáírá! Ṣé o fẹ́ fọwọ́ ara ẹ tú ilé ẹ ni?"

"Ọmú tèmi ni wọ́n fẹ́ gé, Màmá." Ó kọjú sí dókítà. "Mo ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Wọ́n ní ó ti lọ. Mi ò gbé Ìlọrin rí."

Dókítà gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ó lè jẹ́ àrùn yẹn náà ló padà wá, tó fara pamọ́ sínú ọmú. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó máa ń ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni, tí mo wá lọ ń gé ọmú, mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mò ń pa làpálàpá nìyẹn. Oògùn tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń fẹ́. A ó dá iṣẹ́ abẹ dúró ná, ká yẹ ẹ̀jẹ̀ àti mùdùnmúdùn eegun yín wò, ká sì bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Suhail ti dìde. "Bàbá mi ṣì ń fi kéwú yẹn yangàn ní mọ́ṣáláṣí," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. Ó jáde, kò tiẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

"Ó ti lọ!" Ẹkún ti gba ohùn ìyá. "Sáré tẹ̀ lé e, kó o bẹ̀ ẹ́!"

Ọ̀rọ̀ náà dun Zùwáírátù wọra, nítorí ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ó gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Lẹ́yìn náà ló ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́ sórí tábìlì.

"Dókítà, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ náà. Bí ọkọ mi bá padà wá, á bá mi láàyè."