Igi Wo Ni Xylem?

Ìdánwò tí Èyítọ́pẹ́ ọmọ mi ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ló tún fẹ́ lọ ṣe ní Ugbowo, ní yunifásítì Benin, lọ́jọ́ Ajé. Bó bá tún kùnà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò kọjá, òun yóò dúró. Ohun kan ló ń dà á láàmú: xylem àti phloem, ọ̀nà méjì tí omi àti oúnjẹ ń gbà nínú igi. Kì í rántí èyí tó jẹ́ ti omi.

Mo ní kó kó ìwé rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kan àga lójú ọ̀nà Siluko. Ó kà á fún mi pé èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá. Ó ti kọ ìtumọ̀ wọn sétí ìwé lédè Yorùbá: xylon ni igi, phloios ni èèpo.

Mo bi í pé, "Igi wo?"

Ó wò mí bíi pé mò ń ṣàwàdà. "Daddy, igi na igi now."

Ibẹ̀ ni mo ti rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀. Èyí tó dúró lóko, igi là ń pè é. Èyí tí mo fi ń kan àga, igi náà ni. Ti oko ló ń rò, tòun ti èèpo àti ewé ẹ̀.

Mo bó ẹ̀ka máńgòrò kan níwájú rẹ̀. Mo fi èèpo sí i lọ́wọ́ kan, mo fi igi funfun tó kù sí ìkejì.

"Igi káfíńtà ni Gíríìkì ń wí, kì í ṣe ti àgbẹ̀."

Mo wá sọ fún un bí bàbá mi ṣe máa ń pa igi lóko: á bó èèpo rẹ̀ yíká, á fi í sílẹ̀. Ewé kì í tètè rọ, ṣùgbọ́n igi náà á kú bó pẹ́ bó yá. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ rí.

Èyítọ́pẹ́ ń yí ẹ̀ka náà lọ́wọ́. Ó rọra sọ ọ́ ní Yorùbá pé, "Omi ṣì ń gba inú igi gòkè. Oúnjẹ ni ò rí èèpo gbà sọ̀kalẹ̀. Ebi ló ń pa gbòǹgbò."

Ó yege. Láti ìgbà náà, bó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù, á ní kí n gbé xylem mi kúrò lọ́nà. Ìyá Yéwándé, oníbàárà mi tó wá wo bẹ́ẹ̀dì tó ní kí n kan fún òun, gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó bi mí bóyá kòkòrò kì í jẹ irú igi bẹ́ẹ̀.

Mo ní ohun tá a fi kan bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ náà nìyẹn.