Nọ́ńbà Nìkan Ni Wọ́n Dà Kọ

Orúkọ rẹ̀ wà ní ojú ìwé kọkàndínlógún, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, láàrin dírẹ́bà tó ń gbé wọn lọ sódò àti ọmọbìnrin tó bá wọn tẹ ìwé. Awọnmi kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. Ibi tó wà náà ló ṣì wà.

Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń wọn omi odò náà. Aago méje àárọ̀ àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, òjò rọ̀ o, òjò ò rọ̀ o, á sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ afárá, á wo ibi tí omi dé lára òpó onínọ́ńbà tí iléeṣẹ́ omi rì mọ́lẹ̀ síbẹ̀, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, ó kọ ọ́. Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bí àkọ́bí wọn, ó kọ ọ́ kó tó lọ wo ọmọ, ìyàwó náà ò sì tíì gbàgbé. Ìwé mẹ́rìnlá ló ti kún.

Dókítà ni àbúrò rẹ̀ ní yunifásítì, dókítà ìwé, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Òun ló wá kó àwọn ìwé náà lọ lọ́dún tó kọjá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì da àwọn nọ́ńbà inú wọn kọ sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti fi wọ́n kọ àpilẹ̀kọ kan báyìí fún jọ́nà ńlá kan, ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń ròyìn àwárí wọn fún ara wọn. Ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ jọ́nà yẹn kí aago mẹ́rin ọ̀sán òní tó lù. Wọ́n ní kí Awọnmi mú ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún wá, èyí tó ń lò lọ́wọ́, kí wọ́n fi ti oṣù tó kọjá kún un. Bó ṣe wọ ọ́fíìsì nìyẹn, tó bá àpilẹ̀kọ náà lórí tábìlì, tó sì ṣí i.

"Orúkọ mi dà?" ló bi àbúrò rẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wo ìparí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín dáadáa."

"Ẹni tó bá fúnni lẹ́bùn là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀bùn wo ni mo fún ẹ? Iṣẹ́ ni mo ṣe." Ó ṣí i padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Orúkọ mẹ́rin ló wà lókè, ti Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá àbúrò rẹ̀ ló ṣíwájú. "Eléyìí ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dé odò yẹn rí. Kò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó ní bàtà òun tuntun ni."

Dókítà fọwọ́ nu ojú. "Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ní ẹni tí ò kàwé dé ibì kan ò lè wà lára àwọn tó kọ ọ́. Mo bá a sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká jà lónìí. Ẹ wá wo ohun tí nọ́ńbà yín ṣe."

Ó fi àwòrán kan hàn án. Ìlà kan ń lọ tààrà láti apá òsì, ó dé àárín, ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

"Ọdún kejìlá nìyẹn," ni Dókítà wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Ọdún tí wọ́n gé igbó òkè odò. Omi fi sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ga sí i, ó sì dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì rí irú ẹ̀ rí. Tí jọ́nà bá gbà á, wọ́n á gbé mi ga níbi iṣẹ́."

Awọnmi wo ìlà náà. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, inú tó ń bí i ò jẹ́. Odò kankan ò ga sí i. Lọ́dún kejìlá, igi ńlá kan ṣàn wá, ó ṣẹ́ òpó, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ omi sì wá ri òmíràn. Wọ́n rì í wọlẹ̀ jù, tí omi fi ń dà bí ẹni pé ó ga sí i lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi àmì ọ̀dà tó wà lára afárá wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Kò sọ ọ́. Ó gbé ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún sórí tábìlì, ó jáde.

Lórí àtẹ̀gùn ló ti pàdé Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa ń bá wa wo omi yẹn, àbí?"

"Mi kì í wò ó. Mo máa ń wọ̀n ọ́n."

"Ọ̀kan náà ni," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó sì ń gòkè lọ.

Awọnmi jókòó sórí àtẹ̀gùn tó gbẹ̀yìn. Kí wọ́n fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan á lọ wo òpó yẹn, á sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ kárí ayé. Ó dùn mọ́ ọn nínú fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ló rántí olùkọ́ rẹ̀ ní pírámárì kẹrin, bó ṣe máa ń rántí rẹ̀ tínú bá ń bí i. Olùkọ́ náà ní kí wọ́n ṣírò mẹ́tàdínlógún lọ́nà mẹ́jọ. Ó kọ mẹ́rìndínlógóje. Olùkọ́ fi bírò pupa fagi lé e, ó nà án, ó tún rí i lẹ́yìn náà pé ọmọ ló gbà á, síbẹ̀ kò pa pupa yẹn rẹ́. Awọnmi gbé àpò rẹ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà, kò padà mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mẹ́rìndínlógóje náà ni.

Nọ́ńbà òun ni wọ́n tún fẹ́ sọ di èké yìí. Tí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun tó wọ̀n ọ́n náà wà níbẹ̀.

Ó gun àtẹ̀gùn padà. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Kò kan ilẹ̀kùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti wà nínú ọ́fíìsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó fa ìwé kẹjọ yọ lára àwọn tí wọ́n tò sórí pẹpẹ, ó ṣí i, ó sì gbé e lé orí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, níwájú Dókítà.

"Kà á síta."

Dókítà kà á. "'Wọ́n ri òpó tuntun lónìí. Ó fi sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n wọlẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lo ìwé yìí, kó yọ ọ́ kúrò.'" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kó tó parí rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Mo kọ ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tó ti wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n da nọ́ńbà kọ, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n dà kọ. Ọ̀rọ̀ mi ò jọ nǹkan tó yẹ kéèyàn kà."

Dókítà tẹ nǹkan díẹ̀, ó yọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà kúrò. Ìlà orí kọ̀ǹpútà wálẹ̀, ó sì gún régé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹ dá a padà," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí látọ̀dọ̀ fèrèsé. "Ẹ fi ti tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi," ni Awọnmi wí. "Mo sì mọ lẹ́tà kọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo Dókítà, Dókítà wo ìlà. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí tábìlì. Kò dá a padà.

"Ó dáa. Tó bá jẹ́ odò tí ò ṣe nǹkan kan lẹ fẹ́ ròyìn, ẹ yọ orúkọ mi níbẹ̀." Ọ̀jọ̀gbọ́n jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

Aago mẹ́rin lù, kò sí ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́. Dókítà ní àwọn á tún un kọ, àwọn á wá jọ́nà kékeré fún un, ó sì ṣí fọ́ọ̀mù ọ̀kan. Ó pa orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́ lókè àpilẹ̀kọ náà, ó sì tẹ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síbẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.

"Wọ́n ń béèrè ohun tí oníkálukú ṣe," ni Dókítà wí, ó ń wo fọ́ọ̀mù.

"Kọ ọ́ pé mo wọ̀n ọ́n. Kọ ọ́ pé mo sì sọ fún yín."

"Ìwé tí ẹ kà ńkọ́?"

"Pírámárì mẹ́rin. Má bù sí i."

Dókítà kọ ọ́. "Ẹ ṣì ń bínú sí mi?"

"Mo ṣì ń bínú sí olùkọ́ mi," ni Awọnmi wí, ó gbé ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún, kò dágbére.

Aago mẹ́fà ku díẹ̀ ló dé abẹ́ afárá. Omi wà ní ọgọ́fà sẹ̀ǹtímítà ó lé méjì. Ó ti fẹ́ kọ nọ́ńbà rẹ̀ bó ṣe máa ń kọ ọ́, ló bá dá ọwọ́ dúró. Ó fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́, láti ẹ̀gbẹ́ kan ojú ìwé dé ẹ̀gbẹ́ kejì: méjìlélọ́gọ́fà. Bó ṣe ń kọ ọ́ láti ọjọ́ náà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ dà á kọ, á kọ́kọ́ kà á.