Agolo Òdòdó Mẹ́ta

"Ìyá yìí tún ti bẹ̀rẹ̀!" Argiris ló ń dá sọ̀rọ̀ láàárín títì, búrẹ́dì wà lábíyá rẹ̀. "Bí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ bá ti wọlé báyìí, á sọ títì ìjọba di ogún bàbá rẹ̀."

Agolo òróró ńlá mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀, wọ́n tò wọ́n sí igun ẹ̀rọ omi àtijọ́, níbi tí títì ti rí tóóró tó sì yà bàrá kó tó gun òkè lọ sí ilé rẹ̀. Òdòdó pupa ló wà nínú agolo kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Ìyá Evanthia ló ni wọ́n, gbogbo èèyàn ló sì gbà pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń fi wọ́n gba àyè ọkọ̀ sílẹ̀ fún. Lókè ìlú Kavala létí òkun yìí, ẹni tó bá rí àyè gbé ọkọ̀ sí, inú rẹ̀ á dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Ìdí nìyẹn tí lágbájá fi ń fi àga dínà, tí tàmẹ̀dù ń fi àpótí ẹja dínà, tí ẹnì kan tilẹ̀ gbé ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlòkù síta lọ́dún tó kọjá.

Ọ̀tá gbogbo wọn ni Argiris. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì gun òkè náà kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń sọ pé àga àti agolo àwọn èèyàn ló sọ irun òun di funfun. Ó gbé búrẹ́dì lé orí ẹ̀rọ omi, ó tutọ́ sọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé agolo lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sẹ́yìn ògiri.

Kò tíì na ẹ̀yìn tán tí jíìpù dúdú ńlá kan fi gun òkè dé. Ọkùnrin kan tó wọ awò dúdú yọjú lójú fèrèsé ọkọ̀.

"Bàbá, ṣé àyè wà níbí?"

"Títì ìjọba ni," Argiris dáhùn, ó ń gbọn ọwọ́ nù. "Ti gbogbo ayé ni."

Ọkùnrin náà wa jíìpù mọ́ ẹ̀bá ẹ̀rọ omi, ó pa á, ó tì í. Ìyàwó bọ́ọ́lẹ̀, ọmọ méjì bọ́ọ́lẹ̀, ẹrù bọ́ọ́lẹ̀, gbogbo wọn sì sáré gba ọ̀nà èbúté lọ, nítorí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù Thasos ti ń fọn fèrè.

"Ẹ ṣé o, Bàbá! Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn Àjíǹde!"

Argiris juwọ́ sí wọn. Ọjọ́bọ̀ lọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò tilẹ̀ ronú kan ọjọ́ tó wà láàárín. Ó mú búrẹ́dì rẹ̀, ó gun òkè lọ, ó ń súfèé.

Stamata, ìyàwó rẹ̀, wà lójú fèrèsé níbi tó máa ń jókòó sí. Ọdún kẹta rè é tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá àti lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, tó sì fa ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ìgbà náà, àfi ilé ìwòsàn nìkan ló ń mú un jáde. Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tí yóò gbé e. Òun ló ní ẹnikẹ́ni ò ní rí ẹnu òun bẹ́ẹ̀ nígboro. Obìnrin tó dá orin nínú ìjọ fún ogún ọdún! Ojú ń tì í, kò sì fi bò.

Ohun kan ṣoṣo ló ń retí láàárín ọdún. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì Rere, wọn á gbé Ibùsùn Olúwa jáde láti inú ìjọ bí ẹni ń sin òkú Jésù, ibùsùn onígi fínfín tí àwọn ọmọbìnrin ti fi òdòdó bò látòkè délẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin á gbé e léjìká, gbogbo àdúgbò á tẹ̀lé e pẹ̀lú àbẹ́là. Bó bá dé abẹ́ fèrèsé Stamata, á dúró. Àlùfáà á gbàdúrà fún aláìsàn, Stamata náà á mi àwo tùràrí látòkè, á ní ara òun fúyẹ́ títí di ọdún mìíràn.

"Bàbá Fani, ṣé ẹ ti nu àwo tùràrí?" Orúkọ ọmọbìnrin wọn tó wà ní Jámánì ló fi ń pe ọkọ rẹ̀.

"Mo ti nù ún. Ó ń dán bí orí Lazaros oníbúrẹ́dì."

"Ẹ̀yin náà lẹ ó gbé ọ̀pá iwájú lọ́dún yìí?"

"Ta ló tún kù? Igun ẹ̀rọ omi yẹn, ta ló lè darí Ibùsùn kọjá níbẹ̀ bí kò ṣe awakọ̀? Ọdún méjì tó kọjá, ǹjẹ́ ó tilẹ̀ ha ògiri?"

Stamata fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ ọkọ rẹ̀: bí kò bá fọ́nnu, àìsàn ló ń ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, agogo ìjọ ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ti ibi òkú. Argiris sọ̀ kalẹ̀, ó sì bá èrò lójú ẹ̀rọ omi. Bàbá Grigoris, àlùfáà wọn, ti na apá méjèèjì, ó fi ń wọn àyè tó kù láàárín jíìpù àti ògiri. Ikùn àlùfáà fúnra rẹ̀ ò lè gba ibẹ̀ kọjá.

"Ibùsùn Olúwa ò lè gba ibí," ni àlùfáà wí. "Bá a bá dé ibí, a ó yí padà."

Argiris di apá àlùfáà mú. "Bàbá, Stamata ńkọ́?"

"Màá gbé àgbélébùú gun òkè wá bá a lẹ́yìn ìsìn."

"Kì í ṣe ohun kan náà."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun kan náà, Argiris. Báwo la ó wá ti ṣe é? Ká gbé Olúwa lé orí jíìpù?"

Wọ́n gbìyànjú. Ọkùnrin mẹ́jọ fi èjìká ti ọkọ̀ náà, Lazaros oníbúrẹ́dì ló ń kà á fún wọn: "Ẹ̀kan, èjì, ẹ̀ta!" Jíìpù ò mira. Wọ́n pe ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀. Awakọ̀ rẹ̀ ní ti òun ò lè gun irú òkè yẹn láéláé.

"Ó wúwo ju ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ," ni Lazaros wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọ̀pá ìtìlẹ̀ Ìyá Evanthia fi ń dún kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀, bọ̀ wá bá wọn. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni, ó kéré, ó gbẹ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń dé èbúté.

"Ta ló gbé agolo mi?"

Argiris ń wo bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ìyá, ẹ bá ti sọ fún ọmọ-ọmọ yín kó tètè wá gbé ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀ ni," ni Lazaros wí.

"Ọmọ-ọmọ wo? Ọmọ-ọmọ mi ń bẹ ní Kánádà! Ta lẹ ti rí wa ọkọ̀ nílé mi rí?"

Wọ́n wo ara wọn lójú. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó rí ọkọ̀ kankan rí.

"Kí wá ni agolo ń ṣe níbẹ̀ lọ́dọọdún?" ni Lazaros bi í.

"Ẹ ẹ̀ rí i báyìí? Àyè kí Ibùsùn lè kọjá ni! Látọdún tí Stamata ò ti lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́ ni mo ti ń gbé e síta. Ẹ ń pè mí ní olójúkòkòrò, mo ń gbọ́. Mo ní kí ẹ máa bú mi lọ, kí títì ṣáà ṣí sílẹ̀."

Àlùfáà ṣí fìlà. Àwọn tó ti fẹsẹ̀ gbá agolo yẹn rí wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ náà gún Argiris lọ́kàn bí ẹ̀gún. Àṣé agolo ló ń darí Ibùsùn láti ọjọ́ yìí wá, kì í ṣe awakọ̀! Ó tún wá jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tú u. Àfọwọ́fà gbáà. Ó rìn yí ilé Ìyá Evanthia ká lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Ó bá a nídìí oúnjẹ ààwẹ̀, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí kò ní òróró, tó da ọtí kíkan lé.

"Èmi ni, Ìyá."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo gbé agolo yín."

Ìyá Evanthia gbé ṣíbí kalẹ̀. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ló tún wà lókè yìí tí yóò gbé agolo mẹ́ta kúrò láìjẹ́ kí ewé kan já? Àwọn yòókù, ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń fi gbá a."

"Kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ mi láàárín èrò?"

"Kí n jèrè kí ni? Argiris, ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wò ọ́ láti ojú fèrèsé yìí. Ò ń wẹ obìnrin yẹn, ò ń ya irun rẹ̀, ò ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́, n ò sì gbọ́ kí o pariwo mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. Ìyẹn pọ̀ lójú mi ju agolo lọ." Ó mú ṣíbí rẹ̀ padà. "Ṣùgbọ́n òmùgọ̀ ni ọ́. Ó yá, sọ ọ́ jáde."

"Òmùgọ̀ ni mí, Ìyá."

"Ó dáa. Lọ sọ fún ìyàwó rẹ kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu Lazaros."

Argiris sọ ọ́. Ó jókòó sórí àpótí níwájú Stamata, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ti le mú, ó sọ̀rọ̀ agolo Ìyá Evanthia àti ohun tó wà fún, ó sọ̀rọ̀ jíìpù, ó sọ ti Thasos, ó sọ pé Ibùsùn ò ní dé. Omijé bọ́ lójú Stamata, Argiris sì fi àtàǹpàkò nù ún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún náà.

Stamata gbójú sókè wò ó.

"Ọdún mẹ́ta ni Evanthia fi ń jẹ èébú nítorí tèmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin náà sì wà lára àwọn tó ń bú u?"

"Èmi ni olórí wọn."

Ni Stamata bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á, Argiris ní láti lù ú lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó mí kanlẹ̀ tán, ó ní, "Bí òun bá lè gba èébú fún mi ní gbangba fún ọdún mẹ́ta, èmi náà lè gbé ẹnu wíwọ́ mi jáde ní ìrọ̀lẹ́ kan. Bí Ibùsùn ò bá lè gun òkè, ẹ gbé mi sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a."

"Ojú ò ní tì ọ́?"

"Á tì mí. Ẹ ṣáà gbé mi."

"Ó dáa."

"Ọ̀pá iwájú ńkọ́? Ta ni yóò bá yín gbé e?"

"Ẹni tó bá wù ú," ni Argiris wí. "Mo ti ní ohun tí mo fẹ́ gbé."

Àga ilé ìdáná ni wọ́n fi gbé e. Argiris àti Lazaros di ẹsẹ̀ iwájú mú, àwọn ọkùnrin méjì mìíràn di ẹ̀yìn. Stamata wọ aṣọ dúdú rẹ̀ tó dára jù, ó fẹ́ fi gèlè bo ẹnu, ó tún wá tú u sọ́rùn. Ìyá Evanthia ló ṣáájú, àwo tùràrí lọ́wọ́ kan, ọ̀pá lọ́wọ́ kejì.

"Ẹ rọra! Lazaros, kì í ṣe àpò ìyẹ̀fun lo gbé o!"

Oòrùn ń wọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé ẹ̀rọ omi. Èrò ti kún títì pẹ̀lú àbẹ́là, Ibùsùn Olúwa sì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, òórùn òdòdó ti ṣáájú rẹ̀ dé. Nígbà tí àwọn èèyàn rí ẹni tó wà lórí àga, wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé "Háà!" Ẹnikẹ́ni ò sì yíjú kúrò. Ó yẹ ká gbóríyìn fún àdúgbò náà níbẹ̀ yẹn, torí wọn kì í sábàá pa ẹnu mọ́.

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó gbé Ibùsùn na apá wọn sókè tán pátá. Wọ́n gbé Stamata gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, bí àwọn tó ń wá ìbùkún ti máa ń ṣe. Ó na ọwọ́ òsì, ó fọwọ́ kan òdòdó, ìtànná funfun kan sì já bọ́ lé e lẹ́sẹ̀.

Àwọn akọrin dá orin ìdárò. Ní ẹsẹ kejì, ohùn kan dàpọ̀ mọ́ tiwọn láti orí àga. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò já gaara, ṣùgbọ́n ohùn náà ò ṣìnà níbì kan. Àwọn akọrin rẹ ohùn wọn sílẹ̀ fún un, wọ́n jẹ́ kó máa síwájú. Argiris di ẹsẹ̀ àga mú, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì lè nù ún nítorí ọwọ́ rẹ̀ ò ṣófo.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oníjíìpù ti Thasos dé, oòrùn ti sọ ojú rẹ̀ di pupa bí ẹyin tí wọ́n ń kùn ní pupa fún Àjíǹde.

"Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ bá mi ṣọ́ ọkọ̀ o!"

Fèrèsé bíi mẹ́wàá ló ṣí láti gbọ́ èsì Argiris.

"Kò tọ́pẹ́. Ẹ kú ìrìn," ni ó wí.

Jíìpù ò tíì yà tán nísàlẹ̀ tí Argiris fi gbé àga ilé ìdáná dé. Ó gbé e sí àyè náà, ó dojú rẹ̀ kọ òkun, ó lọ kó agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìn ògiri, ó sì tò wọ́n yí i ká. Ọkọ̀ pupa kékeré kan dé, ó dúró. Obìnrin kan yọrí jáde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ń gba àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ yín ni?"

"Mi ò ní ọkọ̀."

"Kí wá ni àga ń ṣe láàárín títì? Ṣé títì ìjọba kọ́ nìyí ni?"

"Ti ìjọba ni," ni Argiris wí. Lókè lọ́hùn-ún, ohùn Ìyá Evanthia ti ń dún, ó ń bú Lazaros pé kó rọra. Argiris fi apá aṣọ rẹ̀ nu eruku orí àga. "Ẹ má bínú, ìyàwó mi ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀."