Òkúta Titus Lórí Òkè Àbọ̀

Òkè Àbọ̀ kì í ṣe òkè téèyàn ń fi yangàn. Tẹ́ ẹ bá ń ti Ìnísà lọ sí Òkukù, ẹ lè kọjá ẹ̀ láì mọ̀, torí kò ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ. Odò Ọ̀tìn ló rọra yí ẹsẹ̀ ẹ̀ po. Àmọ́ lójú tèmi, kò sírú ẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń sá aṣọ, ibẹ̀ la ti ń wo ọ̀nà Ìkìrun bóyá mọ́tò bàbá wa ń bọ̀. Àárò ibẹ̀ ṣì ń sọ mí.

Ẹni tó bá ń lọ sí ìdálẹ̀ á gbé òkúta kan síbẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá dé, kó tó wọlé, òun fúnra ẹ̀ ló máa gbé e jù sódò. Ẹlòmíì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Tí òkúta bá ṣì wà lórí òkè, ẹni náà ń bọ̀ nìyẹn. Lọ́dún 1988, ẹ̀gbọ́n mi Titus fi ọ̀dà kọ T sára tiẹ̀, ó gbé e síbẹ̀, ó bá gba Àbíjàn lọ.

Lọ́dún 1991, ìjọ Aládùúrà wa gba orí òkè náà fún àdúrà. Èmi Tímótì ni olórí àwọn ọ̀dọ́. Ìtara wọ̀ mí lẹ́wù, mo ní ká kó gbogbo òkúta tó wà ńlẹ̀, ká fi mọ pẹpẹ. Ìgbà tí sìmẹ́ǹtì gbẹ tán ni mo tó rántí Titus. Mo yí pẹpẹ náà po, n ò rí T kankan. Ọdún yẹn gan-an ni lẹ́tà Titus dáwọ́ dúró, mo sì gbà pé èmi ni mo dí i lọ́nà. N ò lè sọ fún Màmá. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ gbogbo Ọjọ́rú, kí Ọlọ́run ṣáà dá a padà.

Ọdún márùn-ún kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń ti ọjà Ìnísà bọ̀, ni mo rí Titus tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Mo dì mọ́ ọn, mo sunkún bí ọmọdé.

Ó ní, "Jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sórí òkè. Ṣé o mọ Màmá, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé."

Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́. Titus wo pẹpẹ, ó wò mí, ó mi orí. Ó ṣa òkúta kan létí ọ̀nà, ó jù ú sódò.

"Ó parí. Màmá ò gbọdọ̀ gbọ́."

A bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wo ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ wa, wọn ò tíì dì mọ́ ọmọ wọn.

"O ti jù ú?"

"Mo ti jù ú, Màmá."

Wọ́n wọ yàrá lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, gèlè àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tú u, òkúta ló wà nínú ẹ̀, T gàdàgbà lára ẹ̀.

"Èwo lo wá jù?"

Màmá na òkúta náà sí Titus, tòun ti gèlè.

"Ọjọ́ tí ìjọ gba òkè ni mo ti fi gèlè dì í wá sílé, ọwọ́ mi ò kàn án. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ yìí, ẹ ò lè rí òkúta kẹ́ ẹ má fi mọ nǹkan. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà látọjọ́ yìí."

Wọ́n wá kọjú sí mi.

"Tímótì, ṣé ìyẹn lo fi ń gbààwẹ̀? Ọdún márùn-ún ni mo fi ń bá ọ ṣàmín, mo ṣe bí ìyàwó lò ń wá."